Ta Ni Yóò Máa Fọ Nápì Mofẹ́?

Ajégúnlẹ̀,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ.

Fọláṣadé, Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo fi aṣọ fífọ̀ tọ́ dàgbà,

Mo kí ọ, mo kí Délé ọkọ rẹ, mo sì kí Mofẹ́ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni mo sì kàn béèrè bóyá o ti jẹun tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹnu mi kì í là. Bírò kì í dá èèyàn lóhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú un. Jókòó dáadáa kí o tó kà á, kí o sì kà á dé òpin. Ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń fọ nápì ọmọ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ràn nìkan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wà lókè ọkàn mi. Mo ń jowú ìyá ọkọ rẹ. Má rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín ní Àpápá, tí mo bá Ìyá Délé lórí àpótí ìjókòó nínú bálùwẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tí Mofẹ́ wà lórí itan rẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí o bímọ nìyẹn. Èmi tí mo wà ní Ajégúnlẹ̀ níbí, tí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lè gbé dé ọ̀dọ̀ yín, Délé kò pè mí títí di ọjọ́ kejì. Òun tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti dé, ó ti da omi sílẹ̀, ó ti ń wẹ ọmọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sínú.

Lẹ́yìn náà ni mo rí okùn aṣọ. Nápì aláṣọ méjìlá, tuntun, olódòdó, oníbọ́tìnì, tí Ìyá Délé rà nígbà tí nápì àjùnù bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọmọ nídìí. Ó ti fọ gbogbo wọn, ó tò wọ́n lórí okùn bí ẹni tó ń pàtẹ. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ní kí wọ́n kó ti ọjọ́ náà wá kí n fọ̀ ọ́. O dá mi lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Màámi, ẹ sinmi jàre. Màmá ti fọ gbogbo ẹ̀."

Èmi! Èmi tí mo fọ ofarọ́ọ̀lù àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù fún ogún ọdún ó lé, tí àwọn ọ́fíìsì tó wà ní Warehouse Road ń kó kọ́tínì wọn ránṣẹ́ sí, èmi ni ẹ ní kí n sinmi, kí ẹlòmíràn máa fọ nápì ọmọ-ọmọ mi. O sì pè é ní Màmá. Èmi ni Màámi, òun ni Màmá. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran tó le.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ nápì ló kàn báyìí, kí n má fi ìbínú bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Èkíní, omi tútù ló ń ṣáájú. Tí Mofẹ́ bá ti ṣu sí nápì, gbọn ìgbẹ́ náà dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o fi omi tútù ṣan nápì náà dáadáa kí ọṣẹ tó kàn án. Má fi omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ láé. Nígbà tí mo bí ọ, mo rò pé omi tó ń hó ló ń pa ìdọ̀tí, tààrà ni mo ń dà á lé nápì rẹ lórí, àbàwọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Ìyá Ebi, obìnrin ẹ̀yà Ijaw tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló rí mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "My sister, why you dey cook shit? Put cold water first, abeg." Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ lé èjìká, o sì dákẹ́ ẹkún lójú ẹsẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, kì í ṣe ti omi. Ọwọ́ rẹ̀ lo máa ń dákẹ́ sí, o kì í dákẹ́ sí tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn tí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń da omi gbígbóná sí nápì lọ, nítorí pé òun ló ní kí n má dà á. Nápì mẹ́fà ló bàjẹ́ tí n kò lè lò mọ́. Nígbà tó yá, ó kó kúrò ní àdúgbò, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nítorí náà, Àjọkẹ́, tí ẹni tí o kò fẹ́ràn bá sọ òótọ́ fún ọ, gba òótọ́ náà, kí o sì máa bínú sí ẹni náà lọ tó bá wù ọ́. Èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, bí o ṣe máa rí i níwájú.

Èkejì, ọṣẹ díẹ̀, omi púpọ̀. Ọdún tí mo bí ọ náà ni ìyàwó pásítọ̀ tó wà ní ojúlé kejì bímọ, nápì ọmọ rẹ̀ sì funfun ju tìrẹ lọ lórí okùn. Oúnjẹ kò wọlé fún mi lọ́jọ́ tí mo rí i. Mo mú blíìṣì tí mo fi ń bó gírísì lára ofarọ́ọ̀lù, mo rẹ nápì rẹ sínú rẹ̀, n kò sì ṣàn án dáadáa. Ó funfun lóòótọ́, ó ń dán. Ìdí rẹ náà bó, o ké fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá rẹ, nígbà tó wà láyé, kò bá mi wí, ó kàn ń wò mí. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ nígbà míràn tí mo bá mú ike blíìṣì.

Ọṣẹ tí kò ní òórùn líle ni kí o lò, kó má pọ̀. Ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, títí omi tí o dànù kò fi ní hó mọ́. Àwọn omi olóòórùn dídùn tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀, má jẹ́ kó dé ibi nápì. Ó ń bo aṣọ náà lójú, ìtọ̀ kò ní wọ inú rẹ̀, á máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá nápì ti mọ́ tó, kán omi díẹ̀ sí i. Tó bá mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti dára. Tí omi náà bá ń yí kiri lórí rẹ̀, ọṣẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Nápì tuntun, fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó lò ó, nítorí kì í mọ omi í mu tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ìyá ọkọ rẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wá ibi tí màá ti bá a wí. N kò rí i. Ó mọ aṣọ fọ̀, obìnrin yẹn. Ṣé o rí bí ọ̀rọ̀ mi ṣe le tó?

Ẹ̀kẹta, omi tí ẹ ń lò àti ibi tí ẹ ń sá aṣọ sí. Omi bóhóòlù tiwa níbí ní ìpẹtà nínú. Tí o bá fi fọ aṣọ funfun fún oṣù kan, á pọ́n bí ẹni pé o rì í sínú tíì. Tí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, gbe omi òjò, tàbí kí o pe àwọn mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri, kí o fi tiwọn ṣan ìkẹyìn. Má sá nápì sí bákónì tó kọjú sí títì. Àwọn tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù ń kọjá níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èéfín wọn sì ń bà lé aṣọ tútù. Ẹ̀yìn ilé ni kí o sá a sí, níbi tí oòrùn ti ń ràn tààrà, kó sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Àbàwọ́n tó bá kù lára rẹ̀, oòrùn á mú un lọ láìjẹ́ pé o bá a jà. Kó gbẹ dénúdénú kí o tó ká a, nítorí ibi tó bá tutù ló ń hu funfun.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Ẹ̀kẹrin ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí.

O rántí àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Nápì tìrẹ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́wàá tó ṣẹ́kù, funfun, onírun bíi táwẹ̀lì. Lọ́dọọdún ni mo ń ṣí i, tí mo ń ju kánfò tuntun sáàárín wọn, àwọn róbótó funfun olóòórùn yẹn, kí aáyán àti kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Alágbàfọ̀ ni mí, bí a ṣe ń tọ́jú aṣọ tí a kò fẹ́ kó bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ọmọ rẹ ló máa lò wọ́n.

Ọjọ́ kejì tí mo kọ́kọ́ wá, mo kó wọn dé. Ìyá Délé gba báàgì náà, ó fi imú sí i, ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ kánfò yìí ti pọ̀ jù fún ọmọ ìkókó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ wọ́n, kí n sá wọn sóòrùn bí ọjọ́ mélòó kan ná." Ó kó wọn sínú báfù kan ní kọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ dára, kò fi ọ̀rọ̀ gún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi gbọ́ ni pé aṣọ tí mo fọ̀ kò mọ́ tó fún ọmọ rẹ. Ó fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́! Mo rẹ́rìn-ín sí i, inú mi ń gbóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ sì ti sùn lọ. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Mo tú nápì oníbọ́tìnì rẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú tèmi láti inú báfù, láìfọ̀, láìsá, mo dì í fún Mofẹ́ bí mo ṣe máa ń dì í fún ọ, mo fi píìnì há a. Mo fi òmíràn wé e lára. Ó bá a mu. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Kí Ìyá Délé tó dé, mo ti tú u, mo ti dá tirẹ̀ padà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, nígbàkigbà tí kò bá sí nítòsí. Èyí tó bá tọ̀ sí, inú báàgì mi ni mo ń kó o sí lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i pé mẹ́rin ti kúrò nínú báfù náà tí kì í ṣe èmi ni mo kó wọn. Mo gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Ìyá Délé ti jù wọ́n nù. N kò bi í. Mo kàn fi kún èyí tí mo ti kà sínú.

Lọ́jọ́ kẹrin lo pè mí síbi fèrèsé. O ní, "Màámi, ẹ wo ojú ọmọ yìí. Ṣé kì í ṣe pé ó ń yí sí yẹ́lò?"

O mọ bí a ṣe sáré dé ilé ìwòsàn. O rántí pé nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí a fún un mu, ohun tí a fi pa á lára, ohun tó wà nínú aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ fi kánfò sáàárín aṣọ ọmọ? Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́ o." O ní rárá. Délé ní rárá. Ìyá Délé ló dáhùn pé, "Ó wà nínú èyí tí ìyá ìyá ẹ̀ mú wá, àmọ́ a ò tíì wọ̀ ọ́ fún un. Èmi ni mo yà á sọ́tọ̀." Ó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fi nǹkan kan pa ọmọ lára. Ó ń gbè mí lẹ́yìn, Àjọkẹ́. Èmi ń wo táìlì ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Délé rántí ìgò àgbo tí ìyá rẹ̀ ń dà sí omi ìwẹ̀. Ó pariwo mọ́ ìyá tó bí i níwájú gbogbo èèyàn pé, "Mo sọ fún yín, Màmá! Mo ní kí ẹ má gbé nǹkan yẹn wọ ilé mi!" Ìwọ náà sọ̀rọ̀. O ní kó má fọwọ́ kan ọmọ rẹ mọ́. Ó ń tún un sọ pé omi ìwẹ̀ lásán ni, kò dé ẹnu ọmọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Mofẹ́ ṣì wà lábẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú yẹ́lò náà nílé ìwòsàn. Ṣé o mọ bí inú mi ṣe rí? Ẹ̀rù ọmọ ń bà mí, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú mi tó dùn pé ó ti lọ. N kò mọ bí ìyá ṣe ń kọ irú gbólóhùn yẹn sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọlọ́run ṣàánú wa, Mofẹ́ padà sílé, ẹyinjú rẹ̀ sì ti mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí èmi nìkan ń wẹ̀ ẹ́, tí èmi nìkan ń fọ nápì rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni mo rí gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé tó kọjá yìí, mo ń wá táwẹ̀lì nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, mo rí nápì mi mẹ́rin tó sọnù. Ìyá Délé kò jù wọ́n nù. Ó ti fọ̀ wọ́n. Etí wọn tó ti ń tú, ó ti fi òwú funfun rán an yípo, rírán kéékèèké tó mọ́. Ó ti ká wọn dáadáa, ó fi wọ́n pamọ́ de ìgbà tí wọ́n bá ṣeé lò. Mo gbé ọ̀kan sí imú, kánfò ṣì ń rùn lára rẹ̀. Mo ṣí fèrèsé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìwọ rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀kẹrin rèé: kánfò kò gbọdọ̀ wọ ibi tí aṣọ ọmọ wà, kékeré, ńlá, tuntun tàbí àlòkù. Aṣọ tó bá ti bá a gbé rí, má wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Mo ti kó gbogbo nápì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kúrò nílé yín, títí kan mẹ́rin tí Ìyá Délé rán. Mo kó àwọn tó ṣẹ́kù sínú báàgì lọ́jọ́ Ajé yẹn, kí wèrè mi má baà tún mú mi. Kí o sì padà lọ bá dókítà, kí o sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ Mofẹ́ wò dáadáa kí ẹ sì mọ ohun mìíràn tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Má ṣe nítorí ìtìjú mi fi èyí falẹ̀.

Ka ìwé yìí fún Délé, má fo ibì kankan. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí ìwọ náà kúnlẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìwé yìí kó kà á fúnra rẹ̀. Èmi náà máa lọ kúnlẹ̀ fún un tó bá gbà láti rí mi. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún un ní ilé ìwòsàn, pé kó má fọwọ́ kan ọmọ rẹ mọ́, èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ sí. Tí o bá sọ ọ́ fún mi báyìí, n kò ní bá ọ jiyàn. N kò ní wá sí Àpápá títí wàá fi pè mí.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí Ìyá Délé bá padà dé, kó máa wẹ ọmọ, kó máa wọ̀ ọ́ ní nápì. Èyí tó bá ti dọ̀tí, tí ọkàn rẹ bá gbà á, máa dì í sínú ọ̀rá fún oníkẹ̀kẹ́ kan kó gbé e wá fún mi. N kò ní ní kí ẹ gbé ọmọ wá. Màá fi omi tútù ṣáájú, màá ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, màá sá a sóòrùn, màá sì dá a padà. Mo ṣì ń jowú obìnrin náà, n kò ní parọ́ fún ọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń rí i lórí àpótí ìjókòó yẹn, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Tí Mofẹ́ bá ń ké, tó wá dákẹ́ nígbà tí Ìyá Délé bá gbé e, má sọ fún mi. Ṣùgbọ́n má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni Màámi rẹ,
Àbẹ̀kẹ́ alágbàfọ̀.